Ògiri Ẹ̀yìnkùlé

Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ sọnù lórí ẹ̀rọ,
n kò wá a jìnnà.
Ọwọ́ funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wà lára ilẹ̀kùn,
mo tọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìnkùlé,
mo bá Abíọ́nà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ògiri,
ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀,
bí tèmi náà ti í yọ bí mo bá ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà.
Ó fa òbìrí kan tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé,
ó ki ẹsẹ̀ méjì bọ̀ ọ́ nídìí bí igi ìṣáná.
"Ta nìyí?"
"Ìwọ ni, Màmá Aránṣọ."
Èmi kẹ̀? Ikùn mi dà?
Ọrùn mi dà, ìdí tí mo fi ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ dà?
Orí nìkan ló yà,
orí tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín há mi lọ́fun.
Ta ló sọ fọ́mọ ọdún mẹ́ta ní Ìjẹ̀rù
pé orí ló gbé mi dé ibi tí mo dé,
pé ìyókù, ẹrù ni?

Ògiri di tiwọn láti ọjọ́ náà.
Sàláwù kó èédú wá láti ìdí ààrò ìyá rẹ̀,
wọ́n fún oje kajú, èyí tí ọṣẹ kankan kì í ràn,
wọ́n ra ewé mọ́ sìmẹ́ǹtì títí ó fi gbà.

Ìgè kì í sọ̀rọ̀.
Bàbá rẹ̀ wọkọ̀ ní Tákìé,
ó ní Kánò lòun ń lọ, ọdún kejì rèé.
Ìgè yà á, ó ga ju ilé, ó ga ju igi máńgòrò,
bọ́tìnnì mẹ́sàn-án lára ẹ̀wù (mo kà á),
ìka méje lọ́wọ́ kan ṣoṣo.
Ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀.
Mo ní, "Ìgè, o gbàgbé ẹsẹ̀."
Ó wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀.
"N kò gbàgbé."
Ọmọ tó fẹsẹ̀ ṣíwájú wáyé,
ta ló mọ iṣẹ́ ẹsẹ̀ jù ú lọ?
Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ń wà á, mo ń wà á,
kò sí òwú nínú rẹ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.
Ẹ wá wo bó ti ń gòkè lára ògiri mi.
Nísàlẹ̀, níbi tí adìẹ ń ṣá, àwọn orí tó ń rìn.
Ní orúnkún mi, mọ́tò tí a rí gbogbo èrò inú rẹ̀ láti òde,
àti ìyá Sàláwù pẹ̀lú oyún,
ọmọ inú oyún ń rẹ́rìn-ín, eyín ti pé sẹ́nu rẹ̀.
Ní ìbàdí, orúkọ Abíọ́nà, lẹ́tà kan kẹ̀yìn sí àwọn yòókù.
Ní èjìká mi, rúlà.
Ó ti pé mẹ́sàn-án, ó ń fi ìgúnpá bo ohun tó ń yà.
"Kò jọ ọ́, Màmá,"
ó tutọ́ sọ́wọ́, ó fi pa á rẹ́.
N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ pé nǹkan gbọ́dọ̀ jọ nǹkan.
Bóyá ilé ìwé ni.
Bóyá èmi ni, lọ́jọ́ tí mo béèrè ikùn.

Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, onílé fi ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì ránṣẹ́.
Mo ní kí akunlé bẹ̀rẹ̀ láti òkè.
Mo se iṣu fún un, mo bi í léèrè ìyàwó,
mo bi í léèrè gbogbo àna rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ilẹ̀ ń ṣú lọ.
Ìlà rúlà wọnú funfun.
Ọ̀dà tán kó tó kan ìbàdí.
Ẹ má bi mí ní gálọ́ọ̀nù kejì;
aṣọ oníbàárà ló wà lórí rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ da omi nù,
mo rí i pé Ìgè ti ya ẹsẹ̀.
Kì í ṣe sára bàbá rẹ̀.
Ẹsẹ̀ méjì péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà,
àwọn ọmọ ìka dojú kọ ilé.